Lẹ́tà Tí Kì í Bi Ènìyàn Lórúkọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó gbà á lẹ́nu mi: èmi ni mo kọ́kọ́ ń fi èdè Yorùbá kọ lẹ́tà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Douala. Bí ẹnìkan bá ti ṣe é ṣáájú mi, kó jáde síta, màá kúnlẹ̀ kí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó jáde. Àwọn ọmọ mi ní ìgbéraga ni. Mo ní kì í ṣe ìgbéraga, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń yangàn, ẹni tó bá sì ní tirẹ̀ kó fi yangàn.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà, ní ọ́fíìsì kan nítòsí pọ́ọ̀tù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì mi, íńtánẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, ọ̀gá mi kò sì bìkítà ohun tí mo ń tẹ̀ bí iṣẹ́ tirẹ̀ bá ti parí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí kọ́ mi. Mo ń wo ti àwọn ẹlòmíì, mo ń tú u palẹ̀, mo ń tò ó padà, títí tèmi náà fi dúró.

Àwọn ọdún tí Nàìjíríà àti ìjọba tiwa níbí ń jà du ilẹ̀ Bakassi ni. Ẹni tí kò bá gbé Douala nígbà náà lè rò pé inú omi lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn sójà, nìkan ni ìjà náà wà. Ó wà ládùúgbò wa náà. Bí rédíò bá ti dárúkọ Bakassi láàárọ̀, àwọn ará Nàìjíríà á rẹ ohùn wọn sílẹ̀ nínú takisí, ẹni tí kàátì séjuù rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú àjèjì, bá sì ti kọjá àkókò, á jókòó sílé, á ní inú ń run òun. Èmi ò mọ ẹ̀rù yẹn. Àdúgbò Nkololoun ní Douala níbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi kàwé, ìwé ọmọ onílùú sì wà nínú báàgì mi. Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró, èmi gan-an ni mo máa ń bínú sí i.

Màámi ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àlùbọ́sà ló ń tà ní ọjà Sáńdágà, ní àpò-àpò. Ní ọdún kan tí ẹnu ibodè le, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó máa ń bá wa gbé lẹ́tà láti Kàlàbá kò rìn bí wọ́n ṣe ń rìn, ìyá rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà rìn, ó sùn sọ́nà, ó tún rìn. Nígbà tó fi máa dé ọwọ́ wa, wọ́n ti sin màmá àgbà, wọ́n ti pín aṣọ rẹ̀, koríko ti hù lórí sàréè. Ikú yẹn kọ́ ló dun Màámi jù, nítorí àgbàlagbà ló kú. Ẹ̀rín ló dùn ún. "Mò ń rẹ́rìn-ín," ló máa ń wí. "Ìyá mi wà nínú ilẹ̀, èmi ń bá àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín ní Sáńdágà." Ó sọ ọ́ títí tí mi ò fi lè gbọ́ ọ mọ́. Inú bí mi sí lẹ́tà náà, inú bí mi sí ibodè, inú bí mi sí ẹni tó ni omi tó wà láàárín wa. Mo pinnu pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, ìròyìn ilé kò ní pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ kó tó kan ọmọ Yorùbá ní Douala.

Bí mo ṣe dá ìkànnì sílẹ̀ nìyẹn. Àbúrò Màámi ọkùnrin, tó jẹ́ tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń kó ìròyìn ilé jọ, ó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi: ẹni tó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa. Èmi á fi ti pọ́ọ̀tù kún un: ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹrù tó wà nínú rẹ̀, ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń béèrè lọ́sẹ̀ náà. Màámi ló ń tún èdè mi ṣe, nítorí Yorùbá ọmọ Nkololoun ni tèmi. Màá máa ka ohun tí mo kọ sí i létí bó ṣe ń ṣa àlùbọ́sà tó ti jẹrà kúrò lára èyí tó dáa. "Ṣé Yorùbá nìyí," á ní, "àbí Faransé tó wọ bùbá?" Á wá sọ bó ṣe yẹ kó rí, èmi á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń yìn mí fún Yorùbá ìkànnì yẹn, Màámi ni wọ́n ń yìn tí wọn ò mọ̀.

Àwọn ènìyàn ń wá wò ó, mi ò ní purọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lọ sí sáíbà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kà á, wọ́n á sì máa sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìkànnì dà bíi ṣọ́ọ̀bù ni. Ó jókòó sójú kan, ó ń retí ẹni tó máa yà. Ẹni tí kò bá yà lọ́sẹ̀ tí wọ́n sọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀, kò gbọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ Màámi tún ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Lẹ́tà ló ń rìn. Bí ènìyàn bá gbà kí n máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìròyìn á ti jókòó dè é kó tó dé. Nítorí náà ni mo ṣe dá àyè kan sọ́tọ̀ lórí ìkànnì, kí àwọn tó bá fẹ́ lẹ́tà forúkọ sílẹ̀ síbẹ̀.

Wọn ò forúkọ sílẹ̀. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Àwọn tó ń gba lẹ́tà mi kò kún ìjókòó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí mo fi tipátipá mú sì wà lára wọn. Mo gbé àyè náà lọ sókè pátápátá, kó jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Mo kùn ún ní pupa. Mo jẹ́ kó máa ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, mo tiẹ̀ ṣe é kó máa fò bo ìròyìn mọ́lẹ̀, kí ẹni tó ń kà á má lè kà á tán láìdáhùn. Wọ́n ń lé e bí eṣinṣin. Alàgbà kan tó ń bá wa sanwó ìkànnì pè mí lẹ́yìn ìsìn, ó ní bó bá di Ìkórè tí kò sí àwọn tó ń gba lẹ́tà, kí n pa á tì, kí n máa lẹ ìròyìn mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Pátákó! Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo kúnlẹ̀, mo dìde, inú mi ń hó.

Màámi pàápàá kò gbà á. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣí ímeèlì fún un, kí lẹ́tà máa dé bá òun náà.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ló bi mí. "Ìròyìn tí mò ń dúró dè ti dé."

Ó padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀. Mi ò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà fún un mọ́.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ jókòó sí sáíbà kan ní Nkololoun kí n lè fojú ara mi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ra àkókò, mo ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Màmá kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ládùúgbò wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣí ìkànnì mi. Ó ń kà á sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó rẹ́rìn-ín síbi tí mo ti kọ nípa àpò ìrẹsì tó já sómi ní pọ́ọ̀tù. Ó mí kanlẹ̀ síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹni tó kú. Orí mi ń wú, ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ tọ́ ọ kí n ní èmi ni mo kọ ọ́. Ni àyè pupa mi bá fò sókè: Orúkọ. Iṣẹ́. Àdúgbò. Nọ́ńbà tẹlifóònù. Ímeèlì.

Ojú màmá náà yí padà. Ó yọwọ́ kúrò lórí máòsì bí ẹni tí iná jó. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, bẹ́ẹ̀ àkókò tó rà kò tíì tán.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́? Èmi ni mo ṣe é."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo ṣe é? Ta ló rán ẹ? Kọ̀mísáríà ọlọ́pàá?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, mà."

"Wọ́n bi mí lórúkọ, wọ́n bi mí níṣẹ́, wọ́n bi mí níbi tí mò ń gbé. Dem never catch people finish for road, dem don enter computer." Ó bọ́ síta, kò bojú wẹ̀yìn.

Mo bínú délé. Èmi, tí mò ń ṣe wàhálà nítorí wọn, èmi ni wọ́n ń pè ní ọlọ́pàá! Àwọn ìbéèrè yẹn, bí mo ṣe rí wọn lórí ìwé ọ́fíìsì wa ni mo ṣe kó wọn. Láti kékeré ni mo ti ń kọ irú wọn, kò sì sí èyí tí mo kọ tí kò fún mi ní nǹkan rere: ilé-ìwé, ìdánwò, káàdì ọmọ onílùú. Mò ń rò ó fún Màámi bí mo ṣe ń bọ́ bàtà, mò ń sọ pé àwọn èèyàn wa kò mọ oore.

Ni ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn. Kó, kó, kó. Kò sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Màámi fìka sétè, ó pa rédíò. Ẹni náà tún kàn án. Mo fẹ́ fi Faransé bi í pé ta nìyẹn, Màámi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ìyá mi, tó ń pariwo lé àwọn onímọ́tò lórí ní Sáńdágà, ń gbọ̀n nínú ilé ara rẹ̀.

"Àgò onílé o!" lẹni náà wá ké níta. "Èmi ni o, ọkọ ìyá aránṣọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ní kí n dá agbọ̀n yín padà."

"Àgò yà!" Màámi ti ń ṣílẹ̀kùn kó tó sọ ọ́ tán. Ó gba agbọ̀n, ó kí i dáadáa, lẹ́yìn náà ló wá bá a wí. "Bàbá, ẹ fẹ́ pa wá ni? Ẹ wà níta, ẹ ò sọ̀rọ̀, bí ọlọ́pàá tó ń wá ìwé ìgbélùú. Ẹni tó wà níta ló ń sọ ẹni tí òun jẹ́. Kì í ṣe ẹni tó wà nílé."

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà yìí nìyẹn. Mo wà níta, mò ń kan ilẹ̀kùn wọn gbà-gbà-gbà, mi ò ké àgò, mi ò sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, mo kàn ń bi onílé lórúkọ, mo ń bi í níṣẹ́, mo ń bi í ládùúgbò. Mo sì tún ń kun ara mi ní pupa. Bẹ́ẹ̀, ká ní mo wọ ilé onílé láìké àgò ní kékeré, etí mi ì bá gbọ́ ọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Màámi rò pé ẹ̀rù ló ń dà mí láàmú.

A jọ kọ tuntun ni. Màámi ń sọ, èmi ń tẹ̀, kò sì jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó ṣe rí nìyí:

"Àgò onílé o! Ọmọ ìyá alálùbọ́sà ní Sáńdágà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Nkololoun ni wọ́n bí mi sí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi. Lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo, mo lè mú ìròyìn ilé àti ti pọ́ọ̀tù wá bá yín. A ò ní bi yín lórúkọ. Ibi tí a ó máa ju lẹ́tà sí nìkan ni kí ẹ fi hàn wá. Lọ́jọ́ tó bá sú yín, ẹ ní kí n dúró, màá dúró."

Mo pa gbogbo ìbéèrè tó kù rẹ́, ó ku ímeèlì nìkan. Mo pa pupa rẹ́, mo pa fífò rẹ́. Mo gbé àyè náà kúrò lókè, mo fi í sísàlẹ̀, lẹ́yìn ìròyìn ilé, nítorí a kì í bi àlejò ní nǹkan kó tó mu omi tán. Mo gbé lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wo ohun tó fẹ́ gbà. Èyí tó wá kù ni bí a ó ṣe máa jíṣẹ́ fún ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Àbúrò Màámi ló yanjú ìyẹn láti ilé: agboolé ni yóò máa fi pe ènìyàn. Ọmọ agboolé báyìí tó wà ní Douala, ìyá yín ń kí yín. Ẹni tó ni ín á mọ̀, ọlọ́pàá ò ní mọ̀.

Wọ́n dáhùn! Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, mo rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wèrè. Wọ́n ń wọlé láti New Bell, láti Bonabéri, àwọn tí mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n wà ní Douala rí. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn tí kò fẹ́ sọ orúkọ wọn nígbà tí mo bi wọ́n, bí a ò ṣe bi wọ́n mọ́ yìí, wọ́n ń kọ ọ́ ránṣẹ́ fúnra wọn: ẹ kú iṣẹ́ o, èmi ni lágbájá, ọmọ agboolé báyìí, iṣẹ́ mi nìyí, bí ẹ bá kọjá ládùúgbò wa ẹ yà. Nígbà tí Ìkórè fi máa dé, ká ní gbogbo àwọn tó ń gba lẹ́tà mi wá sí ìsìn, àwọn kan ì bá dúró síta. Alàgbà náà dìde nígbà ìfilọ̀, ó ní kí a dúpẹ́ fún lẹ́tà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń fi ránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wa! Mi ò jà. Mo tún gèlè mi ṣe, mo jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí ibi tí mo jókòó sí. Kò sí ẹni tó dárúkọ pátákó mọ́.

Màámi kò gba tirẹ̀. Ó ń bá mi tún gbogbo lẹ́tà ṣe, ṣùgbọ́n kò gbà kí ọ̀kan dé bá òun.

Nínú ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ kan dé láti agboolé kan lẹ́yìn ọjà ní Ògbómọ̀ṣọ́: bàbá àgbà kan kò gbádùn rárá, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ta aṣọ ní Douala. Màámi fi èdè tó tutù tún un kọ, kó má baà dẹ́rù bani jù. Mo fi ránṣẹ́. Bí a kì í ti í bi ènìyàn lórúkọ, mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó ni iṣẹ́ wà lára àwọn tó ń gbà á. Ọkàn mi kò balẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ náà.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, mò ń bá Màámi di àpò ní Sáńdágà, ni màmá kan bá yà sọ́dọ̀ wa. Ó ti rù, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Màmá sáíbà ni, èyí tó pè mí ní ọlọ́pàá.

"Ẹ̀yin ni ìyá alálùbọ́sà?" ló bi Màámi.

"Èmi ni, mà."

"Lẹ́tà yín ló sọ ibi tí mo ti lè rí yín." Ó yíjú sí mi. "Mo kà á lọ́jọ́ Ẹtì, ìwọ ọmọ yìí. Mi ò dúró ta ọjà lọ́jọ́ kejì. Mo wọkọ̀. Wọ́n dá wa dúró ní gbogbo ibi tí wọ́n ti lè dá ènìyàn dúró, mò ń bẹ Ọlọ́run." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Mo bá bàbá mi láàyè. Ó mọ̀ mí. Ó ní, 'Ìwọ lo dé yẹn?' Ọwọ́ mi ló ti mu omi. Ìgbà tí ó lọ, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Mo ní kí n wá sọ fún yín."

Màámi dì í mú. Kò sunkún. Ó ṣa àlùbọ́sà tó tóbi jù nínú èyí tó wà nílẹ̀, ó kó o sínú báàgì obìnrin náà títí tí báàgì fi kún, kò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí obìnrin náà lọ, Màámi dúró, ó ń wo ọ̀nà tó gbà.

"Ó bá a láàyè," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró. Ó ní kí aládùúgbò rẹ̀ bá òun wo ọjà. "Mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é," ló wí fún mi.

Mo ní kò pọn dandan, mo lè fi ímeèlì rẹ̀ sí i láti ọ́fíìsì. Ó ní ṣé àwọn tó kù lọ sí ọ́fíìsì mi ni? A bá lọ sí sáíbà Nkololoun. Mo ṣí ímeèlì fún un, mo ṣí ìkànnì, mo gbé àga sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lórí ojú kọ̀ǹpútà láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń kà á sókè, gbogbo ìròyìn tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ń bojú wò ó. Mo wò wọ́n padà títí tí wọ́n fi gbé ojú wọn kúrò. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, síbi tí ọmọ ìyá alálùbọ́sà ti ń ké àgò, ó gbé ọwọ́ tó ń rùn fún àlùbọ́sà lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà bí ẹni di ilẹ̀kùn mú.

"Àgò yà," ló dáhùn, sókè, gbogbo sáíbà gbọ́. "Wọlé, ọmọ mi."